Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún inú rírun: bí ẹ ṣe máa la káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ já

Télọ̀ ni mí, ní Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé oníbàárà kì í gbọ́ àlàyé inú rírun. Aṣọ tó bá jẹ́ ti Sátidé, ti Sátidé ni. Ọdún bíi mélòó kan ni mo fi rán aṣọ pẹ̀lú ìgò omi gbígbóná tí mo fi ọ̀já dì mọ́ ikùn, tí màá fi ẹsẹ̀ kan tẹ ẹ̀rọ, màá ká ìkejì sábẹ́ àga. Ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù, èébì. Ọjọ́ kejì, itan á máa ro mí bí ẹni pé mo rìn láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ kẹta ni mo máa ń tó padà di èèyàn.

Oògùn oníhóró táwọn obìnrin fi ń fètò sí ọmọ bíbí ló gbà mí. Mo ti mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ: omidan, fẹ́mílì pílánì, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan oṣù gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí irú oògùn yìí fún. Ọdún 1957 ni ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n máa tà á fún wàhálà nǹkan oṣù. Ó di 1960 kí wọ́n tó gbà á fún dídènà oyún. Mi ò mọ ìyẹn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ǹ bá ti fi dá Màámi lóhùn.

Bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí ẹ ò fi ní jù ú nù kó tó ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Ó máa ń gba bí oṣù mẹ́ta, ìyẹn káàdì oògùn mẹ́ta, kéèyàn tó lè sọ pé ó bá òun lára mu tàbí kò bá a mu. Oṣù kejì sì ni ẹsẹ̀ máa ń yá èèyàn láti sá. Ó yá èmi náà.

Ẹ má lọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kẹ́mísìtì bíi tèmi. Mo yọ́ wọlé lálẹ́, mò ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí olè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí kántà ò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn na èyí táwọn obìnrin ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tí wọn ò múra sílẹ̀ fún sí mi. Oògùn pàjáwìrì nìyẹn. Òun kọ́ ló ń wo inú rírun, kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Mo gbé e mì, nǹkan oṣù mi dà rú lóṣù yẹn, inú sì tún run mí lé e.

Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ̀yìn ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí ni mo lò, fún oṣù méjì gbáko: ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dé, ọjọ́ tó lọ, iye páàdì lójúmọ́, oògùn ìrora tí mo lò àti aago tí mo lò ó, àti bí ìrora ṣe tó láti 0 dé 10. Mo ti dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan rí láìmú ìwé dání, ó ní kí n lọ fara da á, pé ara obìnrin ni. Èyí tí mo gbé ìwé síwájú rẹ̀ rí 9, 8, 4 tó tẹ̀ léra, ó rí "èébì ẹ̀ẹ̀mejì, mo ti ṣọ́ọ̀bù láago méjìlá", ó sì yọ awò ojú rẹ̀ láti wò mí dáadáa.

Ìwé kan náà ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn wà lábẹ́ ìrora yẹn. Inú rírun tó ti wà láti ìgbà ọmọge, tó ń bá ẹ̀jẹ̀ dé, tó sì ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ilé ọmọ fúnra rẹ̀ ló sábà ń fà á. Awọ inú ilé ọmọ máa ń tú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní prostaglandin. Èròjà yìí ló máa ń mú kí ilé ọmọ fún ara rẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń fún aṣọ tútù, kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Bó bá ti pọ̀ jù, ìfún náà á le kọjá bó ṣe yẹ, á sì ta bá ìfun, ìdí nìyẹn tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru fi ń bá a rìn.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ ti dàgbà dáadáa kí ìrora náà tó bẹ̀rẹ̀, tàbí ó ń le sí i lọ́dọọdún, tàbí ó ń dùn yín nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ò sí, nígbà ìbálòpọ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá ń yàgbẹ́, tàbí ẹ ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí wákàtí tí ẹ̀jẹ̀ dídì ńlá sì ń jábọ́, ẹ rí dókítà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Skáànù lè fi fáíbírọ́ìdì hàn. Ó lè má fi endometriosis, ìyẹn àìsàn tí awọ bíi ti inú ilé ọmọ fi ń hù síta ilé ọmọ, hàn rárá, nítorí náà bí skáànù bá ní kò sí nǹkan tí ìrora sì ń pa yín, ẹ má gbà pé irọ́ lẹ̀ ń pa. Oògùn yìí máa ń ṣèrànwọ́ fún endometriosis náà, ṣùgbọ́n ó dáa kí ẹni tó ń kọ ọ́ fún yín mọ ohun tó ń tọ́jú.

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni mo lọ. Láti ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí di ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, àmọ́ ẹ mú owó díẹ̀ dání nítorí káàdì ilé ìwòsàn àti àwọn nǹkan kéékèèké. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe fẹ́mílì pílánì, kẹ́ ẹ má lọ bá ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èmi bá ọjọ́ abẹ́rẹ́. Ọmọ ọwọ́ bí ogójì ló ń ké, àwọn ìyá ń wo ikùn mi pé mélòó ni.

"Ìyàwó ilé wo ni yín?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì bi mí nìyẹn.

"Mi ò tíì rílé, Mà. Inú rírun ló gbé mi wá."

Ó ní kí n jókòó, ó sì fa ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ra. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún yín ní oògùn yìí láìwọn ìfúnpá yín. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní họ́mónù méjì nínú, ọ̀kan ni estrogen, estrogen sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ bá ti dé 140/90 tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, irú èyí kọ́ ni tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí ní ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rí, ẹni tó ti ní àrùn jẹjẹrẹ ọyàn, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn gan-an, ẹni tó ti pé ọdún 35 tó sì ń mu sìgá, àti ìyá tó ń fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà lọ́yàn. Ẹ sọ fún wọn bí iṣẹ́ abẹ ńlá bá ń bọ̀, tàbí bí ẹ bá jẹ́ SS.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ fi ẹ̀rín dáhùn: ṣé orí máa ń fọ́ mi? Ta ni orí kì í fọ́ ní Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀? Ó ní òun ò béèrè ìyẹn. Orí fífọ́ tó jẹ́ pé kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó máa rí iná tó ń ṣẹ́ kọ́lọ́kọ́lọ́ lójú, tàbí apá kan ojú á ṣú, tàbí ọwọ́ á kú tipiri, lòun ń béèrè. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lo oògùn tó ní estrogen, nítorí rọpárọsẹ̀. Wọ́n ní èyí tó ní họ́mónù kan ṣoṣo, wọ́n ní abẹ́rẹ́, wọ́n ní èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá. Nọ́ọ̀sì ló máa bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ yàn nínú wọn.

Ẹ tún dárúkọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ife, àwọn oògùn wàrápá bíi carbamazepine àti phenytoin, àti díẹ̀ nínú oògùn HIV, wọ́n máa ń jẹ agbára oògùn yìí tán. Amoxicillin àti irú rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ẹnì kan búra fún yín tó.

Káàdì tí wọ́n fún mi ní hóró 28. Mọ́kànlélógún ló ní họ́mónù; méje tó kù, tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, irin ló wà nínú wọn. Òmíràn wà tó jẹ́ 21 péré, tí ẹ máa fi ọjọ́ méje sinmi kẹ́ ẹ tó ṣí tuntun. Ìmọ̀ràn mi ni kẹ́ ẹ gba ti 28 bí ẹ bá rí i. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ kì í ka ọjọ́ ìsinmi, ọjọ́ ìsinmi ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀, ẹ ó rí i níwájú.

Bẹ́ ẹ bá gbé hóró kìíní mì láàárín ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ nǹkan oṣù, ó ń dènà oyún láti ọjọ́ yẹn. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn tó bá dá yín lójú pé kò sóyún, àmọ́ kọ́ńdọ̀mù á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méje. Mo bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní gan-an, mo gbé e mì, mo sì jókòó tí mò ń retí kí inú yé run mí. Kò yé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé oṣù tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ kò lè jàǹfààní rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi ṣàlàyé. Gbogbo oṣù ni ilé ọmọ ń rán láínìn sínú ara rẹ̀, tí kò bá sóyún, á tú u dànù. Inú láínìn yẹn ni prostaglandin ti ń wá. Oògùn yìí á ní kí ẹyin sinmi, kò ní jáde lóṣù yẹn, láínìn ò sì ní nípọn. Láínìn tó bá fẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á kéré, èròjà tó ń fún ilé ọmọ á kéré. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo gbé hóró kìíní mì, aṣọ tó ti nípọn tẹ́lẹ̀ ló ń tú. Oògùn kankan ò lè tún un gé mọ́.

Fún oṣù yẹn, oògùn ìrora ni. Ibuprofen mílígíráàmù 400 ni wọ́n ní kí n lò, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí n sì bẹ̀rẹ̀ ní kété tí mo bá ti ń gbọ́ ìró rẹ̀, kí n má dúró dé ìgbà tí màá máa yí gbirigbiri nílẹ̀. Ó ń dènà prostaglandin náà, kò sì ní ìjà pẹ̀lú oògùn káàdì. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín, tàbí ikọ́ fée (asthma) tí irú oògùn yìí ń ru sókè, kó yàgò fún un. Ẹ sì fi oògùn ìyẹ̀fun tó ní áspírínì sílẹ̀ lásìkò yìí, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i.

Ó wá ku lílò ojoojúmọ́. Ní àkókò kan náà, lójoojúmọ́. Wọ́n ní kí n so ó mọ́ ohun tí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, mo bá so ó mọ́ ìrun Iṣáì. Màá kírun, màá jẹun, màá gbé e mì. Ó dáa bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́tàlélógún. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ dé láàárín hóró irin, mo ti fi ìrun sílẹ̀, bó sì ti yẹ kó rí nìyẹn fún ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù. Oògùn bá ìrun lọ. Ọjọ́ márùn-ún ni mi ò fojú kan káàdì. Hóró irin tí mo fò yẹn ò ṣe nǹkan kan, kò sí họ́mónù nínú wọn; àmọ́ mi ò mọ ọjọ́ tó yẹ kí n ṣí káàdì kejì mọ́. Ó sì bọ́ sí àsìkò Káyọ̀káyọ̀, lẹ́yìn Iléyá, tí gbogbo Èkó Ẹ̀pẹ́, ìyẹn ìran àwọn tó ti Èkó wá, ń ṣe àjọ̀dún ìgbà tí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò, àtàwọn èèyàn rẹ̀ gúnlẹ̀ síbí ní 1851. Aṣọ ẹgbẹ́ mẹ́rin ló wà lórí tábìlì mi. Ọjọ́ méjì kọjá kí n tó rántí.

Ìgbà tí mo fò yẹn gan-an ló burú jù láti fò: ìbẹ̀rẹ̀ káàdì tuntun. Ọjọ́ méje láìsí họ́mónù ni ara lè gbà. Tó bá di mẹ́sàn-án, ẹyin lè jí. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ fò, ẹ gbé e mì ní kété tẹ́ ẹ bá rántí, bó tiẹ̀ já sí pé ẹ máa lo méjì lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ máa bá a lọ, kò séwu. Bó bá jẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé èyí tẹ́ ẹ fò kẹ́yìn mì, ẹ fi àwọn tó ṣáájú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ máa lo ìyókù bó ṣe yẹ, kẹ́ ẹ sì lo kọ́ńdọ̀mù fún ọjọ́ méje. Bó bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kìíní, tẹ́ ẹ sì ti ní ìbálòpọ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ rí nọ́ọ̀sì kíákíá, oògùn pàjáwìrì wúlò níbẹ̀. Bó bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ parí àwọn hóró họ́mónù, ẹ fo irin, kẹ́ ẹ ṣí káàdì tuntun lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ ẹ bá bì láàárín wákàtí mẹ́ta tẹ́ ẹ lò ó, ẹ lo òmíràn.

Báyìí, aláàmù aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló ń pè mí, káàdì sì wà nínú agolo bọ́bìn kékeré kan nínú báàgì mi, torí pé iṣẹ́ aṣọ ìyàwó lè mú kí ilẹ̀ ṣú bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ tún dáa fún ààwẹ̀: kò kan sàárì, kò kan ìṣínu.

Káàdì kìíní, inú rírìn gbáà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó lọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lẹ́yìn ẹ̀bà dípò inú òfìfo. Ọyàn dùn mí. Láti ọjọ́ kẹsàn-án ni ẹ̀jẹ̀ ti ń kán díẹ̀díẹ̀, kò tó páàdì, ó ju ohun téèyàn lè gbójú fò lọ. Káàdì kejì, ẹ̀jẹ̀ kíkán tún dé, mo sì ń bínú sí ọmọ iṣẹ́ mi lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ìgbà yẹn ni Màámi rí káàdì. Ẹja ni wọ́n ń tà lọ́jà Olúwo, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde, níbo ló ń gbé?" Wọ́n ní ó ń dì jọ sínú, wọ́n ní ilé ọmọ mi á gbẹ. Mi ò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ náà, mo sì fi káàdì sínú dúrọ́ọ̀ bí ẹni tí kò ní mú un jáde mọ́. Aago mẹ́sàn-án lu, mo wo dúrọ́ọ̀ títí. Mo ṣí i.

Èsì Màámi rèé, fún ẹni tí ìyá rẹ̀ bá béèrè. Ẹ̀jẹ̀ ò gbé níbì kankan, torí pé ara ò ṣe é. Láínìn tí wọn ò rán, kò sí ohun tí wọ́n máa tú. Oògùn yìí kì í sì í sọ obìnrin di àgàn; ẹni tó bá dáwọ́ rẹ̀ dúró lè lóyún lóṣù tó tẹ̀ lé e, kódà ìyẹn ló yẹ kéèyàn máa ṣọ́ra fún. Kò dáàbò boni lọ́wọ́ àrùn ìbálòpọ̀, ìyẹn iṣẹ́ kọ́ńdọ̀mù.

Ẹ̀jẹ̀ kíkán, inú rírìn, ọyàn dídùn, ẹ fún wọn ní oṣù mẹ́ta. Àwọn kan wà tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ fún ní wákàtí mẹ́ta: ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì ń dunni lẹ́yìn ojúgun, àyà dídùn tàbí èémí tí kò délẹ̀, orí fífọ́ òjijì tí irú rẹ̀ ò ṣe yín rí, ojú tó ṣàdédé ṣú, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ lẹ́nu, inú dídùn tó le gan-an lápá òkè. Ẹ dá oògùn dúró, ẹ gbọ̀nà ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà. Ẹ má kọ́kọ́ wá sílé ẹnikẹ́ni láti béèrè.

Káàdì kẹta ni mo kọ 3 síbi tí mo ti ń kọ 9. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo ṣì í kọ. Mo gé aṣọ lọ́jọ́ kìíní ẹ̀jẹ̀, lórí ìdúró. Bí tiyín bá ṣì ń dùn gan-an lẹ́yìn mẹ́ta, ẹ padà lọ. Wọ́n lè yí i padà sí irú mìíràn, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ máa fo hóró irin, kẹ́ ẹ ti inú káàdì kan bọ́ sínú òmíràn kí ẹ̀jẹ̀ má tiẹ̀ wá. Kò sí aburú níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ irin yẹn kì í ṣe ohun tí ara nílò.

Àní bó bá bá yín lára mu, ẹ padà lọ wọn ìfúnpá ní oṣù kẹta, kẹ́ ẹ sì gba káàdì tó kàn kí ti ọwọ́ yín tó tán. Nígbà tí mo lọ, 118/76 ló kà. Kò sí ìwé mìíràn lọ́wọ́ mi, mo kọ ọ́ sábẹ́ ìwọ̀n ìbàdí ìyá ìyàwó kan, ọmọ iṣẹ́ mi sì ti fẹ́ fi gé búbá.